Ọjọ́ Márùn-ún ní Svalbard: Ohun Tí A Rí Gbà fún Owó Wa

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n wá bá mi láti Ìbàdàn, gbéra ní London lọ sí Svalbard, àwọn erékùṣù Norway tó wà lókè réré ní àríwá ayé. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni a wá lọ sí ibi tí otútù ti ń mú nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ènìyàn kò pọ̀, tí ohun gbogbo sì gbówó lórí. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí, kí ẹni tó bá ń gbèrò àtilọ lè mọ ohun tí yóò fi owó rẹ̀ rà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ físà, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ènìyàn ti lè yọ̀. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè tọwọ́ bọ̀ ní 1920 ló fi Svalbard sábẹ́ Norway, erékùṣù náà fúnra rẹ̀ kò sì béèrè físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Oslo tàbí Tromsø ní Norway ni bàálù tó ń lọ síbẹ̀ ti ń gbéra. Norway wà nínú àgbègbè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, ṣùgbọ́n Svalbard kò sí nínú rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mú páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání, bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, gbọ́dọ̀ gba físà Schengen tó fàyè gba wíwọlé lẹ́ẹ̀mejì, kí ó má baà há sọ́hùn-ún.

Longyearbyen ni a dé sí, ìlú tí àwọn olùgbé rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2,500, tí kò sì ju nǹkan bí kìlómítà 1,300 lọ sí góńgó orí àríwá ayé. Orí òpó ni ilé wọn dúró lé, nítorí pé abẹ́ ilẹ̀ náà dì gbagidi yí ọdún po. Ní ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì ni a ti bọ́ bàtà, àṣà tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn awakùsà èédú. Oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹfà. Aago Mẹ́kà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi kírun, mo sì kí ìrun Ìṣáì nínú oòrùn tó ń wọ́ ojú fèrèsé bọ̀ sórí ẹní mi.

N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa. Owó wọn lé ní 2,000 kroner, owó Norway, fún ẹnì kan, fún ọjọ́ kan. Ìjì jẹ́ kí wọ́n sún ìrìn-àjò wa síwájú, èyí kò sì dùn mí, nítorí òkun kì í ṣe ohun tí a ń bá jà. Ohun tó dùn mí ni pé aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa, tí a sì pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó fún wa ní ọjọ́ mìíràn. Bákan náà, àwòrán béárì funfun ni wọ́n fi ń polówó ọjà wọn, bẹ́ẹ̀ òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025 ti sọ pé kí ènìyàn jìnnà sí béárì tó 300 mítà, àti 500 mítà láti oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù kẹfà. Ó yẹ kí wọ́n sọ èyí fún ẹni tó ń sanwó. A kò rí béárì kankan, àfi èyí tí wọ́n yà sára pátákó ìkìlọ̀ ní etí ìlú, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé ìkìlọ̀ náà kan gbogbo Svalbard.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá pè mí lọ́la, màá tún lọ. Lẹ́yìn ìrìn wákàtí bíi mélòó kan lórí omi, a kọjá níwájú Pyramiden, ìlú awakùsà àwọn ará Soviet tí wọ́n pa tì ní 1998, a sì dúró níwájú Nordenskiöldbreen, òkìtì yìnyín ńlá tó ń rọra wọ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá sínú omi. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti aṣọ tí wọ́n rì bọ aró lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀gá ọkọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, atọ́nà wa, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, sì bẹ̀ wá pé kí a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibi gbogbo pa lọ́lọ́. Ó ṣe díẹ̀ ni a wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ, tí yìnyín wẹ́wẹ́ tó léfòó yí wa ká ń ta pàrà-pàrà bí iyọ̀ tó bọ́ sínú iná. Afẹ́fẹ́ tó ti há sínú yìnyín láti ayébáyé ló ń tú jáde bó ṣe ń yọ́. Atọ́nà fi àwọ̀n fa ègé kan wọlé, ó fọ́ ọ sínú ife omi ọsàn wa, mo gbé ife náà sétí, ó sì ń ta nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ègé kan tó tó ilé ya lára òkìtì náà. Ojú wa ti rí i tó já sínú omi kí ìró rẹ̀ tó dé etí wa, ó sì sán bí àrá. Ìgbì rẹ̀ dé níkẹyìn, ó gbé ọkọ̀ wa sókè, ó sì rọra gbé e kalẹ̀. Mo ti gbé ní Èkó, mo ń gbé ní London báyìí, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnìkan kò pè mí tàbí tì mí lójú ọ̀nà. Ibi tí a wà yìí kò mọ̀ pé mo wá, kò sì ní mọ̀ pé mo ti lọ. Ìyẹn gan-an ni mo lọ fi owó rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń sanwó.

Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, a lọ wo ilé ìpamọ́ irúgbìn àgbáyé tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú, tí wọ́n ṣí ní 2008. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọlé, ilẹ̀kùn nìkan ni ènìyàn ń rí. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé àwọn IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Ìbàdàn, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó irúgbìn wá síbẹ̀, àti pé ẹ̀wà wà nínú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń gba ẹnu ọ̀nà IITA kọjá ní ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn nínú otútù náà, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ní kí n ya àwọn ní fọ́tò, kí àwọn lè fi ránṣẹ́ sí ìyá wa.