Táyà mẹ́rin fún ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi: ibi tí mo ti rà á ní Ìkòròdú

Ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí, Mercedes SLK 230 ni, ọdún 1999 ni wọ́n ṣe é. Ènìyàn méjì péré ló ń gbé, òrùlé rẹ̀ a sì máa ká ara rẹ̀ wọ inú bùútù tí a bá ti tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gbé e wálé láti Jámánì, òun ló sì fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ. Ìgbógbó ni mò ń gbé, físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ọkọ̀ mìíràn ni mo sì ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Sátidé tàbí Sọ́ńdè nìkan ni èyí ń jáde. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, mi ò sì fẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Lóṣù tó kọjá ni mo kó sí kòtò kan ní Odógúnyàn, lójú ọ̀nà Ṣàgámù. Omi òjò ti kún inú rẹ̀ dé ẹnu, mi ò mọ bó ṣe jìn tó. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé táyà iwájú lápá ọ̀tún ti yọ gẹ̀gẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tó ẹyin adìẹ. Táyà tó bá ti yọ gẹ̀gẹ̀ bẹ́ẹ̀, okùn inú rẹ̀ ló ti já, rọ́bà nìkan ló kù tó ń di afẹ́fẹ́ mú. Kò sí fọ́kánáísà tó lè tún un ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo àwọn mẹ́ta yòókù. Ojú wọn ṣì nípọn, ìlà wọn ṣì jìn. Ṣùgbọ́n tí mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ wọn, mo rí àwọn sísán wẹ́wẹ́, bí ètè ẹni tí ọyẹ́ mú. Mo wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT, èyí tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà: 1413. Ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2013 ni wọ́n ṣe é.

Ibi tí ọkọ̀ bíi tèmi ti yàtọ̀ sí ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ nìyẹn. Ọkọ̀ akérò máa ń jẹ ojú táyà rẹ̀ tán kí ọjọ́ tó gùn lórí rẹ̀. Ọkọ̀ eré tó ti dàgbà, tó ń dúró sábẹ́ igi máńgòrò láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ọjọ́ orí ló ń pa táyà tirẹ̀. Oòrùn àti atẹ́gùn á máa fa ọ̀rá inú rọ́bà náà, á le, á gan, kò sì ní di ilẹ̀ mú mọ́ tí òjò bá rọ̀. Ẹ lè wò ó kó máa dán, kó ti kú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, a máa sọ fún awakọ̀ pé ọdún mẹ́rin ni kí a kà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe táyà. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọjá ìyẹn. Ó dùn mí pé mi ò ti wò ó tẹ́lẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí mo yà sí kò jìnnà sí Gáréèjì. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ gbé táyà méjì jáde kí n tó parí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. “Mọ́mì, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Tókunbọ̀ gidi nìyí, ti Jámánì. Ẹ wo ojú rẹ̀ bó ṣe nípọn tó!” Ojú rẹ̀ nípọn lóòótọ́. Mo yí i, mo wá nọ́ńbà rẹ̀, mo rí 2212. Ó dàgbà ju èyí tí mo fẹ́ jù nù lọ! Kọ́sítọ́ọ̀mù sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó àlòkù táyà ọkọ̀ kéékèèké wọ Nàìjíríà mọ́, síbẹ̀ wọ́n tò wọ́n sójú títì bí ẹni pàtẹ iṣu.

Mo ní tuntun ni mo fẹ́. Ó ní kò burú, ó gbé 225/55R16 wá fún ẹ̀yìn. Mo ní 225/50 ni tèmi. Ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n, pé èyí tiẹ̀ ga díẹ̀, á gba kòtò dáadáa.

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. Èkejì ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iye tó jẹ́ nínú 100 fífẹ̀ yẹn. Ìkẹta ni ríìmù ní ínṣì. Iwájú ọkọ̀ mi ń lo 205/55R16, ẹ̀yìn ń lo 225/50R16. Ẹ bá ṣírò ti iwájú, òòró rẹ̀ látòkè délẹ̀, ìyẹn ríìmù pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ tòkè àti tìsàlẹ̀, yóò fún yín ní nǹkan bíi mìlímítà 632. Ti ẹ̀yìn, 631. Ẹ rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan fẹ̀ ju èkejì. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì ń tì, nítorí náà ẹ̀yìn ló nílò táyà tó fẹ̀ kí ìdí ọkọ̀ má baà fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú kọ́nà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ há tí a bá tẹ bírékì lójijì, ń ka bí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí, ó sì fẹ́ kí gbogbo wọn máa yí bákan náà. 225/55 yẹn, mìlímítà 654 ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò máa yí díẹ̀díẹ̀ ju ti iwájú lọ nígbà gbogbo, rọ́bà rẹ̀ sì lè máa ha abẹ́ ọkọ̀ tí ẹrù bá wọ inú bùútù. Mo ṣàlàyé fún ọmọ náà. Ó ní gbogbo ènìyàn ló ń rà á bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo wá yìn yìí wà ní Ìta-Ẹlẹ́wà, baba àgbàlagbà kan ló ni ín, Alhaji ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kò bi mí pé èló ni mo mú lọ́wọ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Níbo ni ọkọ̀ náà wà, ìyá mi? Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ara mi rí i.” Ó tan iná fóònù rẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ara táyà bí ẹni ń ka tírà. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. “Ti ẹ̀yìn yàtọ̀ sí ti iwájú. Ti iwájú yìí, mo ní in nílẹ̀, àwọn ọkọ̀ tó ń lò ó pọ̀ nígboro. Ti ẹ̀yìn, ó ti ń wọ́n.”

Mo ní kó fi ti iwájú sí i fún mi ná. Ó kọ̀. Ó ní òun ò ní kó méjì fún mi kí n wá lọ fi irú mìíràn sẹ́yìn, nítorí bí iwájú bá ń di ilẹ̀ mú ju ẹ̀yìn lọ nínú òjò, ọkọ̀ yóò yí po mọ́ mi lọ́wọ́. Òwò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló jù sílẹ̀ yẹn. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi ti balẹ̀ sí i.

Ọjọ́ 9 ni mo fi dúró. Mo san àsansílẹ̀, ó já rìsíìtì fún mi, ó kọ ìwọ̀n táyà náà sí i láìku ẹyọ kan. Nígbà tó pè mí, Yokohama ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 205/55R16 91V fún iwájú, 225/50R16 92V fún ẹ̀yìn. Ó yí wọn kọjú sí mi kí n ka nọ́ńbà wọn kí n tó san ìyókù owó: 3124 fún méjì, 3324 fún méjì. Lẹ́tà V yẹn, eré kìlómítà 240 láàárín wákàtí kan ni. Kò sí ibi tí mo ti fẹ́ sá eré bẹ́ẹ̀ láti Ìgbógbó dé Sàbó. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn náà ló ń sọ bí táyà ṣe lè fara da ooru tó, ooru ilẹ̀ wa sì mọ́ wa lójú. Nọ́ńbà 91 ní tirẹ̀, kílò 615 ni táyà kan lè rù. 92, kílò 630.

₦98,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti iwájú, ₦145,000 ni ti ẹ̀yìn. Gbígbé e wọ ríìmù, ẹnu afẹ́fẹ́ tuntun mẹ́rin àti bálánsì, ₦12,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦498,000. Owó ńlá ni fún olùkọ́, mo sì mọ̀ pé mo lè rí ti olówó pọ́ọ́kú. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń yọ táyà níbẹ̀, kì í ṣe irin àti òòlù, nítorí náà ríìmù mi ò ha rárá. Àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ ṣá. Ara táyà yìí, wọ́n kọ OUTSIDE sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó gbọ́dọ̀ kọjú sóde, torí ìlà ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú. Ọmọ iṣẹ́ wọn gbé ọ̀kan wọlé sódì. Èmi ni mo rí i, nígbà tí mo rìn yí ọkọ̀ náà ká tí mo ka OUTSIDE lẹ́ẹ̀mẹta péré. Alhaji kò bá mi jiyàn, kò sì jágbe mọ́ ọmọ náà. Ó ní kó tú u, ó dúró tì í títí ó fi parí, wọn ò gba kọ́bọ̀ sí i.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe. Wọn kò ní sìpánà tó ń wọn agbára, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fún bóòtù ẹsẹ̀ ọkọ̀. 110 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí a fi ń yí bóòtù) ni Mercedes ní kí a fún bóòtù ọkọ̀ mi mọ, mo ní sìpánà rẹ̀ nílé, bóòtù tí wọ́n fún jù kò dín ní mẹ́fà. Èkejì ni pé afẹ́fẹ́ 40 lórí géèjì ni wọ́n ń fẹ́ sí táyà gbogbo ọkọ̀. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ìdérí ẹnu epo SLK ti sọ iye tó tọ́, kò sì tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n dín in kù, wọ́n dín in kù.

Mo rọra wà á fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, torí táyà tuntun ṣì máa ń yọ̀ kí ojú rẹ̀ tó jẹ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e gba ọ̀nà Itoikin lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní àárọ̀ Sọ́ńdè kan. Òjò ká mi mọ́ ọ̀nà. Ewúrẹ́ kan jáde pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì, mo tẹ bírékì, ọkọ̀ náà dúró ṣinṣin lójú ìlà tó ti ń bọ̀, ìdí rẹ̀ kò mì. Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀rù ì bá bà mí. Ó ṣì ń jẹ́ kí n mọ gbogbo kòtò Ìgbógbó lára, ẹ̀gbẹ́ táyà tó kúrú kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀kan tí a ò tíì rí rà. Nínú bùútù, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ni táyà àfipamọ́ wà, èyí tí wọ́n ká pọ̀ tí a ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí bí ti òde bá bẹ́. Mo yọ ọ́ jáde síwájú Alhaji, a jọ fi iná fóònù wò ó. Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe mẹ́rin: 129. Ìgbà tí a kò tíì dé ọdún 2000 ni wọ́n ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 1999. Ó ti bá ọkọ̀ náà wà láti ìbẹ̀rẹ̀ láì tíì tẹ ilẹ̀ rí. Alhaji ní òun á bá mi wá irú rẹ̀, kí n fún òun ní oṣù kan. Mo ti kọ nọ́ńbà fóònù mi sínú ìwé rẹ̀.