Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fẹ ilé ní London, ẹ ṣọ́ra fún akítẹ́ẹ̀tì "10% péré"

Ẹ̀yin ará wa, ọkùnrin kan ń kiri ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ WhatsApp àwa Yorùbá ní ìlà oòrùn London. Akítẹ́ẹ̀tì ló ń pe ara rẹ̀, 10% péré ló sì lóun ń gbà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ lọ́yà. Bó ṣe ń ṣe é ni kẹ́ ẹ mọ̀, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Dagenham ló kó sí i lọ́wọ́. Terraced house ni ilé wọn, wọ́n sì fẹ́ fa ilé ìdáná sẹ́yìn kí àwọn ọmọ lè ríbi jókòó jẹun. Ọ̀gbẹ́ni yìí ní iṣẹ́ náà ò ní ju £60,000 lọ, owó tòun á jẹ́ £6,000. Wọ́n gbà. Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe wá dárúkọ iye tirẹ̀, ó di £85,000. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ìwé owó akítẹ́ẹ̀tì dé: £8,500, VAT £1,700 lórí ẹ̀, gbogbo ẹ̀ £10,200. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ò pọ̀ sí i o! Yàrá kan náà ni, fèrèsé kan náà ni. Simẹ́ǹtì àti owó lébìrà ló wọ́n sí i, ẹni tó yàwòrán wá ń gba tirẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti sọ 10% fún yín, ẹ bi í pé: 10% kí ni? Ṣé iye tá a jọ fojú bù lónìí ni, àbí iye tí iṣẹ́ bá já sí níkẹyìn? Ṣé VAT tí agbaṣẹ́ṣe máa gbà wà nínú ẹ̀? Kọ́bọ́ọ̀dù àti táìlì tí mo máa fọwọ́ ara mi rà ńkọ́? Ní Britain, kò sí òfin tó fi iye kan lélẹ̀ fún akítẹ́ẹ̀tì, àdéhùn ni. Lójú tèmi, fún ilé kékeré, owó kan ṣoṣo tí kì í yí ló dáa jù. Ẹni tí ò bá fẹ́ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ tún wo VAT yẹn. Kò sí nọ́ńbà VAT kankan lórí ìwé owó náà. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ fún VAT lọ́dọ̀ HMRC, àjọ owó orí ìjọba, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á, ẹnikẹ́ni sì lè yẹ nọ́ńbà wò lórí GOV.UK lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè nọ́ńbà. Ọ̀gbẹ́ni ò fèsì, àfi ìwé owó tuntun tó dé lọ́jọ́ kejì, VAT ti pòórá.

Ìwé owó náà tún kọ "Stages 1–4", ìyẹn ìpele 1 sí 4. Ìpele mẹ́jọ ni RIBA, ẹgbẹ́ àwọn akítẹ́ẹ̀tì ní Britain, pín iṣẹ́ yìí sí, láti 0 dé 7. Ìpele 3 ni wọ́n sábà máa ń gbé àwòrán lọ sí káńsù. Ìpele 4 ni àwòrán tí bíríkìlà máa fi kọ́lé: bí ìpìlẹ̀ ṣe máa jìn tó, irin tó máa gbé òrùlé, ohun tí wọ́n máa fi dí òtútù. Àwòrán mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi rí gbà, kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí lára wọn. Ọ̀gbẹ́ni yìí tún gba owó planning permission (ìyọ̀ǹda káńsù láti kọ́lé) lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ò ní òkè, kò sì yọ sẹ́yìn ju mítà 3 lọ. Ní England, irú ẹ̀ lẹ́yìn terraced house sábà máa ń wà lábẹ́ permitted development, ìyẹn ni pé kò nílò planning permission, bí kò bá ti tayọ àwọn ààlà yòókù.

A wá wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ARB, àjọ tí òfin ní kó máa forúkọ àwọn akítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ìwé náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí níbẹ̀. Architects Act 1997 ò sì gbà kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀ máa fi "architect" ṣòwò. Káàdì rẹ̀ kọ "architectural designer", ẹnu rẹ̀ ló ń sọ nǹkan mìíràn. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, designer tó mọṣẹ́ dunjú pọ̀, òfin ò sì ní kí wọ́n má yàwòrán.

Bí ìwé owó bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ má jókòó lé e lórí. Ẹ kọ ímeèlì, kí ó to iṣẹ́ tó ṣe àti owó ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ san apá tí kò ní àríyànjiyàn, kẹ́ ẹ sì kọ ìdí tẹ́ ẹ fi dá ìyókù dúró. Consumer Rights Act 2015 ní bí ọ̀rọ̀ inú àdéhùn bá ní ìtumọ̀ méjì, èyí tó gbe oníbàárà ni kí wọ́n mú. Orí èyí ni lọ́yà wa dúró lé. Ẹjọ́ owó tí kò ju £10,000 lọ, small claims (ẹ̀ka kóòtù fún ẹjọ́ owó kékeré) ló máa ń lọ ní England. ARB ní tiwọn kì í bá èèyàn dá ẹjọ́ owó, ìwà akítẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń bójú tó, àmọ́ ẹ lè fi ẹni tó ń jí orúkọ náà lò sùn wọ́n.

£4,000 ni ẹ̀gbọ́n mi san fún àwòrán tí wọ́n rí gbà. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ní òun máa pè wọ́n lẹ́jọ́, a ò tíì rí ìwé kankan. Bí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ tiyín náà, ẹ má pa mẹ́sééjì WhatsApp àti voice note rẹ̀ rẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí mi ní inbox.