Ìfiwéra: sítúpà bàbà, idẹ, ike àti gíláàsì fún pẹpẹ inú ilé

Sítúpà ni ojúbọ olórí ṣóńṣó ti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà; kékeré rẹ̀ ni wọ́n ń gbé sórí pẹpẹ inú ilé. Ẹ dojú rẹ̀ dé kí ẹ tó máa wo bó ṣe ń dán. Lórí pẹpẹ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti Tìbẹ́ẹ̀tì, ère ló dúró fún ara Búdà, ìwé mímọ́ fún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, sítúpà fún ọkàn rẹ̀. Wọn kì í fi inú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo: wọ́n á kó ohun mímọ́ kún un, wọ́n á dí ìdí rẹ̀ pa, lámà, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀sìn wọn, á sì yà á sí mímọ́. Ihò ìdí yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kẹ́ ẹ tó béèrè iye owó.

Bàbà tí wọ́n fi wúrà bò. Àwọn Newar ìlú Patan, lẹ́bàá Kathmandu ní Nepal, ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Ìda ni wọ́n fi ń ya àwòkọ́ rẹ̀. Wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda náà dànù, wọ́n á da bàbà yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Irú ọ̀nà kan náà ni àwọn asúdẹ Ifẹ̀ ayé àtijọ́ fi ṣe orí idẹ wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ́ amọ̀ náà kí iṣẹ́ tó jáde, nítorí náà méjì kì í rí bákan náà délẹ̀. Wúrà tí wọ́n pò mọ́ mákúrì (irin tó ń ṣàn bí omi) ni wọ́n ń fi pa á lára, wọ́n á wá fi iná lé mákúrì lọ. Wúrà yìí kì í tètè ṣí, àmọ́ májèlé ni èéfín mákúrì náà fún ẹni tó ń ṣe é. Oògùn ìdándẹ lè bó o kúrò. Aṣọ rírọ̀ gbígbẹ ti tó.

Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní “oníwúrà” lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀dà lásán ni. Ẹ wo àárín àwọn òrùka ṣóńṣó rẹ̀: ọ̀dà máa ń dúró síbẹ̀, á sì pa ojú ọnà rẹ́.

Idẹ. Íńdíà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ó wúwo, owó rẹ̀ ò ga, inú rẹ̀ sì sábà máa ń ní ihò. Bó bá ṣú, ẹ lè dán an, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ní wúrà lára. Ẹ fi mágnẹ́ẹ̀tì kàn án. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ló wà lábẹ́ ọ̀dà. Ẹni tówó rẹ̀ ò pọ̀, èyí tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 ni ká gbà á nímọ̀ràn.

Ike àti gíláàsì. Ike fúyẹ́, ṣóńṣó rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ kán. Gíláàsì rẹwà nínú ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó dì pa ò ṣeé kó nǹkan sí.

Èyí ó wù kẹ́ ẹ rà, ẹ ka òrùka náà: 13 ló yẹ kó jẹ́. Lókè wọn ni agboòrùn, òṣùpá, oòrùn, lẹ́yìn náà òkúta iyebíye. Bí oòrùn bá wà lábẹ́ òṣùpá, ẹni tó tò ó ṣì í tò.

Ibi kíkún inú rẹ̀ ni nǹkan ti ń bà jẹ́ jù. Ọ̀pá igi olóòórùn dídùn ló ń dúró láàárín, kó gùn wọ inú ṣóńṣó, ìhà gbòǹgbò igi náà nísàlẹ̀. Wọ́n á ká ìwé mántírà (ọ̀rọ̀ mímọ́ tí wọ́n máa ń pè lápètúnpè) le dáadáa, wọ́n á fi aṣọ yẹ́lò wé e, orí ọ̀rọ̀ á kọjú sókè. Lúbúlúbú tùràrí àti ọkà gbígbẹ ni wọ́n fi ń dí àlàfo. Bí ọkà bá tutù, á bu, kòkòrò á wọ̀ ọ́, bàbà á sì hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Ẹ mì í kí wọ́n tó fi àwo bàbà, tí wọ́n fín vajra (ohun èlò ìsìn tó dúró fún àrá) méjì tó dábùú ara wọn sí, dí i: kò gbọ́dọ̀ dún.

Èyí tí wọ́n ti dí tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe já ìdí rẹ̀ nítorí ojúmìító. Bó bá ti ṣí, ó di dandan kí wọ́n tún un yà sí mímọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé ta ló kún inú rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní ó ti ju 100 ọdún lọ, ẹ ṣọ́ra. Òfin Nepal kò gbà kí irú rẹ̀ kúrò nílùú. Kódà tuntun tó bá jọ àtijọ́ nílò ìwé ẹ̀rí àti èdìdì láti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ohun àtijọ́ níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbẹ́sẹ̀ lé e.