Glenn Gould tẹ orin Bach kan lẹ́ẹ̀mejì: èyí tí mo yàn

Láti ọdún 1998 ni mo ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìyára ni mo sì fi ń mọ ọ̀jáfáfá nígbà náà. Bí ọwọ́ bá ti ń sáré láìṣì, ó ti tán lójú mi. Kásẹ́ẹ̀tì Glenn Gould, atẹpíánò nì, ti 1955 ló kó ìyẹn ràn mí. Mo gbọ́ ọ títí okùn inú rẹ̀ fi já.

Ní báyìí mo ti ra páálí tó kó àwo rẹ̀ méjèèjì pọ̀, A State of Wonder, tí Sony gbé jáde ní 2002. Sídì mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Goldberg Variations, orin tí Johann Sebastian Bach ará Jámánì kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1741, ló wà nínú ti àkọ́kọ́ àti ìkejì. Gould, ọmọ Toronto ní Kánádà, jẹ́ ọmọ ọdún 22 nígbà tó tẹ ti àkọ́kọ́, ó sì ti di ẹni ọdún 48 kó tó tún un tẹ̀ ní 1981. Stúdíò kan náà ni, ní East 30th Street ní New York, ilé tó ti jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rí.

Áríà, orin kékeré kan, ni orin náà fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1955, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 53 ló fi tẹ̀ ẹ́. Ní 1981, ó lé ní ìṣẹ́jú 3. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹ̀ẹ̀kejì, mo rò pé ẹ̀rọ mi ló ń fà. Ìgbà tí mo jókòó tì í ni mo tó gbọ́ báàsì rẹ̀, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lóru. Báàsì yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ orin yìí. Ọgbọ̀n ìgbà ni Bach pa orin náà dà, àmọ́ kì í ṣe ohùn òkè tó ń wuni ló ń pa dà. Ohun tó wà lábẹ́ ló dì mú, tó ń kọ́ ilé tuntun lé e lórí. Ẹni tó bá sáré kọjá lórí Áríà ti gbàgbé ìpìlẹ̀ ká tó dé orí òrùlé.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọjọ́ orí ló sọ ọwọ́ rẹ̀ di wúwo. Ẹ gbọ́ ìkarùn-ún nínú ọgbọ̀n tí Bach pa dà yẹn, níbi tí ọwọ́ kan ti ń fo èkejì kọjá. Dùùrù àtijọ́ tó ní ojú ìtẹ̀ méjì ni Bach ń rò nígbà tó kọ orin yìí, lórí píánò ńṣe ni ọwọ́ méjèèjì ń du àyè kan náà. Nínú àwo méjèèjì, kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi parí rẹ̀, ẹyọ kan ò sì fara pamọ́. Ó ṣì lè sáré ní 1981. Ó kàn yan ibi tí yóò ti sáré ni, nítorí ó fẹ́ kí ìwọ̀n kan ṣoṣo, bí ìlù, máa lọ lábẹ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù ni ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, èyí tó ń ṣọ̀fọ̀. Níbẹ̀, àwo 1955 ló pẹ́ jù, ó kù díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú 6 ààbọ̀. Gould fúnra rẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lù ú lẹ́yìn náà, ó ní píánò títẹ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo gbà fún un. Ti 1981 ò bẹ̀bẹ̀ fún omijé, ìdí nìyẹn tó fi ń mú un wá.

Gould ń kùn bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ o, ẹ ó gbọ́ ọ ketekete. Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná ní alẹ́ ọjọ́ kan: “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń kùn báyìí?” Ó ń dí èmi náà lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pàápàá nínú Áríà. Ẹni tí kò bá lè fara dà á, kó dúró lọ́dọ̀ ti 1955.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú sídì kẹta. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ọ.

Àwo kejì jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, Gould ti kú, kò tíì lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn àádọ́ta ọdún rẹ̀. Ní òpin àwo yẹn, Áríà náà tún padà wá lẹ́yìn gbogbo ọgbọ̀n náà, ó sì fà á ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Láti oṣù tó kọjá, bí ìsìn bá ti parí tí ìjọ ń jáde, báàsì yẹn nìkan ni mo ń tẹ̀, bó ṣe falẹ̀ tó ní 1981, títí wọn yóò fi pa iná.