ESC àti rímóòtù fún ọkọ̀ crawler: èwo ni ọwọ́ rẹ lè tún ṣe?

Crawler, ìyẹn ọkọ̀ kékeré oní-rímóòtù tí wọ́n fi ń gun òkúta, gun òkúta dé ìdajì, o tú ọwọ́ kúrò lórí trígà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ padà sẹ́yìn. Tàbí táyà iwájú há sáàárín òkúta méjì, o yí i, servo (ẹ̀rọ kékeré tó ń yí táyà sọ́tùn-ún sósì) gbọ̀n, gbogbo nǹkan kú fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì tún jí. Ọ̀pọ̀ á ní ESC, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín iná bátìrì fún motor, ti bàjẹ́, wọ́n á lọ ra òmíràn tí áńpù rẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tuntun náà á tún ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, torí kò sí èyí tó kan áńpù tí ESC ń fún motor nínú méjèèjì. Drag brake, ìyẹn bíréèkì tí ESC ń mú fúnra rẹ̀ bí o bá tú trígà, ló fa ti àkọ́kọ́; BEC, apá ESC tó ń fún servo ní iná, tí kò lágbára tó ló fa ti èkejì.

Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní bẹ̀rẹ̀ ìfiwéra yìí láti orí áńpù. Ohun tí à ń wò ni ibi tí ọwọ́ rẹ lè dé bí nǹkan bá yọnu.

Irú ESC mẹ́ta

Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń lo jumper, ìyẹn ìdérí kékeré tí wọ́n ń kì bọ orí àwọn irin tín-ín-rín lára ESC. Hobbywing QuicRun 1060 ni ọ̀pọ̀ mọ̀ nínú irú yìí. Jumper kan ń sọ irú bátìrì tó wà nínú ọkọ̀, LiPo tàbí NiMH. Èkejì ń sọ bí ọkọ̀ á ṣe máa rìn. Bó bá wà ní F/B/R (síwájú, bíréèkì, rìfáàsì), bí o bá ti trígà síwájú, bíréèkì ló máa kọ́kọ́ mú. O ní láti dá a padà sáàárín, kí o tún tì í, kí rìfáàsì tó wọlé. Lórí òkúta, ọkọ̀ á ti ṣubú kí o tó parí ìyẹn. Sún un sí F/R (síwájú, rìfáàsì): rìfáàsì á wá lójú ẹsẹ̀, drag brake á sì di ọkọ̀ mú bí o bá tú ọwọ́. Nítorí náà, bí ọkọ̀ tó ń lo 1060 bá ń yọ́, jumper yìí ni kí o wò kí o tó ná kọ́bọ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni pé kí o dín agbára drag brake kù. Bó ṣe wà ni wàá ṣe gbà á.

Èkejì ni èyí tó ń lo káàdì ìṣètò. QuicRun 1080, tó gba áńpù 80 àti LiPo 2S tàbí 3S (sẹ́ẹ̀lì méjì tàbí mẹ́ta), jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. O so káàdì mọ́ ESC, o tẹ bọ́tìnnì, o yan agbára drag brake, bí rìfáàsì á ṣe lágbára tó, àti fóltì tí ESC á ti gé iná. Àǹfààní rẹ̀ hàn gan-an nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fúyẹ́ tí òkè sì ga, drag brake tó kún dé 100% lè mú kí ẹ̀yìn ọkọ̀ gbéra, kó dojú dé. Bẹ̀rẹ̀ láti 100%, kí o máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀yìn á fi jókòó sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ESC àti motor jẹ́ ẹyọ kan náà, bíi Hobbywing Fusion. Motor rẹ̀ kò ní brush (èyí tó ń fara kan inú motor láti gbé iná wọ̀ ọ́), ó ní sensor tó ń sọ ibi tí motor yí dé fún ESC, ESC sì ń ṣàkóso rẹ̀ lọ́nà tí wọ́n ń pè ní FOC. Ó lè yí táyà bí ẹni ń fi ọwọ́ yí i, ó sì ń dúró sójú kan lórí òkè. Wáyà inú ọkọ̀ dín kù. Ṣùgbọ́n bí apá kan bá kú, méjèèjì lo máa ra padà, o kò sì lè pààrọ̀ motor nìkan.

Ẹ ṣọ́ra fún motor tí kò ní brush tí kò sì ní sensor, bó ti wù kí owó rẹ̀ fani mọ́ra tó. ESC rẹ̀ kò mọ ibi tí motor wà nígbà tó bá dúró, nítorí náà ó máa ń ta gìrì kó tó gbéra. Ìyẹn kò dun ọkọ̀ eré sísá. Lórí òkúta, ìtagìrì yẹn ló ń já táyà kúrò níbi tó dì mú.

| | Oní-jumper | Oní-káàdì | ESC pẹ̀lú motor |
|---|---|---|---|
| Drag brake | kò ṣe é yí | o lè yí i | o lè yí i |
| Dídúró lórí òkè | ó ń yọ́ díẹ̀ | ó ń yọ́ díẹ̀ | ó dúró |
| Pípààrọ̀ motor nìkan | bẹ́ẹ̀ ni | bẹ́ẹ̀ ni | rárá |
| Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ | jumper tó wà níbi tí kò yẹ | ìṣètò tí wọn kò fi pamọ́ | wáyà bátìrì tí kò dì dáadáa |

Nípa "ó ń yọ́ díẹ̀" inú tábìlì yẹn: motor oní-brush ń di ara rẹ̀ mú torí pé ESC so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, iná tí motor fúnra rẹ̀ ń pèsè bó ti ń yí ló ń dí i lọ́wọ́. Motor tó dúró kò pèsè iná kankan. Fún ìdí èyí, ọkọ̀ oní-brush lè máa rọra yọ́ lórí òkè tó ga gan-an, tí ESC kò sì lábùkù. Motor 55T (T ni iye ìgbà tí wáyà inú rẹ̀ yípo) àti jíà tó lọ́ra á dín in kù ju ESC tuntun lọ.

Ìṣètò bátìrì náà kò gba àwàdà. Bí o bá fi LiPo sínú ọkọ̀ tí ìṣètò rẹ̀ wà ní NiMH, ESC lè má gé iná títí sẹ́ẹ̀lì á fi lọ sísàlẹ̀ fóltì 3, bátìrì yẹn á sì bàjẹ́. Bí o bá ṣe òdì kejì, NiMH nínú ìṣètò LiPo, ọkọ̀ lè máa dúró nígbà tí bátìrì kò tíì tán.

BEC: ibi tí owó yẹ kó lọ

BEC ni apá ESC tó ń fún servo àti receiver, ìyẹn ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń gba àṣẹ rímóòtù, ní iná. Ọ̀pọ̀ ESC oní-brush ní BEC áńpù 3 tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀. Servo ńlá, irú èyí tí wọ́n kọ 25 kg sí lára (agbára rẹ̀ ni, kì í ṣe ìwúwo), lè fa ju ìyẹn lọ nígbà tí táyà bá há. Fóltì á já wálẹ̀, receiver á kú, á tún jí. Àwọn tó ń ta servo kì í sábà kọ iye áńpù tó ń fà nígbà tó bá há síbi tí ojú á ti tètè rí i. Wá a kí o tó rà á.

Bí o ṣe máa mọ̀ nìyí. Gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì tàbí ilẹ̀ tó rí gbágungbàgun, kí táyà lè nira láti yí. Ṣí àpótí receiver, kí ojú rẹ wà lára iná kékeré inú rẹ̀. Yí táyà sọ́tùn-ún sósì kíákíá. Bí iná yẹn bá kú tàbí tó ń ṣẹ́jú, BEC ni. Bí iná receiver bá dúró gbọin, àmọ́ tí ọkọ̀ kò lọ mọ́, lọ wo bátìrì tó ti lọ sílẹ̀ tàbí ESC tó gbóná. Má gbẹ́kẹ̀ lé mítà lásán fún ìdánwò yìí, torí fóltì ń já wálẹ̀, ó sì ń gòkè kí nọ́ńbà tó yí lójú rẹ̀.

Àtúnṣe tí kò ná ọ ní nǹkan ni kí o dín EPA ti servo kù, ìyẹn òpin ibi tí rímóòtù gbà kó yí dé. Bí táyà bá ti dé òpin tí servo sì ń kùn, ó ṣì ń tì ni. Dín in kù lọ́tùn-ún àti lósì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, títí kíkùn yẹn á fi dákẹ́.

Bí ìyẹn kò bá tó, ra BEC ìta tó lè gbé áńpù 10. Ẹ̀gbẹ́ kan lọ sórí bátìrì, ẹ̀gbẹ́ kejì sínú receiver. Ṣètò fóltì rẹ̀ kí o tó so ó mọ́ ohunkóhun: 6 fún servo lásán, 7.4 kìkì bí servo àti receiver bá kọ ọ́ sára pé àwọn gbà á. Lẹ́yìn náà, yọ wáyà pupa kúrò nínú púlọ́ọ̀gì tí ESC kì bọ receiver, kí o fi rọ́bà wé e. Bí o kò bá yọ ọ́, BEC méjì á máa bára wọn jà lórí wáyà kan, ọ̀kan nínú wọn á sì gbóná. Wáyà dúdú àti ti àmì, ìyẹn funfun, àwọ̀ ọsàn tàbí yẹ́lò, á wà níbẹ̀.

Rímóòtù

Rímóòtù tó bá inú àpótí ọkọ̀ wá sábà máa ń ní ọ̀nà méjì, ọ̀kan fún táyà, ọ̀kan fún trígà, pẹ̀lú bọ́tìnnì kékeré tí a ń yí fún trim, ìyẹn títún ibi àárín ṣe. Ó tó fún ọkọ̀ tí kò ní ju servo kan lọ. Ohun tí kì í sábà ní ni EPA tó dá dúró fún ọ̀tún àti òsì, wàhálà servo tó ń kùn yẹn á sì máa bá ọ lọ.

Ọkọ̀ tó ní jíà méjì àti lọ́ọ̀kì lórí axle, èyí tó ń mú kí táyà ọ̀tún àti òsì yí pọ̀, ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Traxxas TRX-4, fún àpẹẹrẹ, ń lo ọ̀nà márùn-ún: táyà, trígà, jíà, lọ́ọ̀kì iwájú, lọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Bí o bá fẹ́ fi winch (ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ọkọ̀) kún un, ọ̀nà mẹ́fà nìyẹn. FlySky GT5 ní mẹ́fà. Kí o tó yan, béèrè iye tí receiver rẹ̀ nìkan jẹ́, torí rímóòtù kan lè darí ọkọ̀ mélòó kan bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní receiver tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni receiver ilé iṣẹ́ kan kì í sábà bá rímóòtù ilé iṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn lè kọ 2.4 GHz sára, èdè wọn kò pa pọ̀. Bí receiver bá ní gyro, ìyẹn ohun tó ń tún ìdarí táyà ṣe fúnra rẹ̀, pa á. Lórí òkúta ńṣe ló ń bá ọwọ́ rẹ jiyàn.

Ìṣètò ní ètò tirẹ̀, bí o bá sì yí i po, ìṣòro tí kò sí á bẹ̀rẹ̀. Trim trígà sí 0, EPA trígà sí 100% síwájú sẹ́yìn. Tan rímóòtù, kí o tó tan ESC. Má fọwọ́ kan trígà fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta: àwọn ESC kan ń kọ́ ibi àárín fúnra wọn lásìkò yìí, àwọn mìíràn ní bọ́tìnnì tí wàá tẹ̀ ní àárín, ní òpin iwájú, àti ní òpin ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni o tó lè dín EPA kù bí o bá fẹ́ kí ọkọ̀ lọ pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá dín EPA kù lẹ́yìn tí ESC ti kọ́ 100%, tó wá gbàgbé, á máa sọ pé motor kò lágbára. Bí motor bá ń rọra yí láìfọwọ́kan, trim ti kúrò ní àárín, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀kan ṣì wà tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. O fa trígà, ọkọ̀ lọ sẹ́yìn. Ó yá láti yí throttle reverse (èyí tó ń yí ìhà trígà padà) lórí rímóòtù, ọkọ̀ á sì lọ síwájú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójú ESC, rìfáàsì lo ń fà, bí rìfáàsì rẹ̀ bá sì lágbára díẹ̀, díẹ̀ yẹn ni wàá fi máa gun òkè. Láti mọ̀, fi ESC sí F/B/R fún ìgbà díẹ̀. Ìhà tó bá gba kí o tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni rìfáàsì lójú ESC. Bó bá jẹ́ ìhà tí o ń fà ni, tún rímóòtù ṣe ná, kí o wá pààrọ̀ wáyà méjèèjì lórí motor oní-brush bí ọkọ̀ bá ń lọ sẹ́yìn. Motor tó ní sensor kò gba irú pàṣípààrọ̀ yìí o. Inú ìṣètò ESC ni wàá ti yí ìhà rẹ̀.

Bó bá jẹ́ àlòkù

Ní kí ẹni tó ń tà á gbé ọkọ̀ lé orí nǹkan kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè. Fa trígà díẹ̀, kí táyà máa yí, kí o wá pa rímóòtù. Motor gbọ́dọ̀ dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì. Bó bá ń yí lọ, failsafe, ìyẹn ibi tí receiver ń fi trígà sí bí àmì rímóòtù bá já, kò sí ní àárín. Béèrè bóyá rímóòtù yẹn gbà kí a ṣètò rẹ̀, torí àwọn kan kò gbà. Wo ibi tí wáyà motor ti wọ motor: kapásítọ̀ kéékèèké yẹ kó wà níbẹ̀ lára motor oní-brush, bí wọ́n bá ti já, servo á máa ta nígbàkigbà tí o bá fa trígà. Gbóòórùn ESC. Bó bá ń rùn bí ike jíjó, má ra á ní iye tó o máa ra èyí tó ń ṣiṣẹ́.