Ọ̀dọ̀ Màmá ní etí òkun Ekpè: ẹja yíyan, ẹ̀kọ, àti òkun tí a kì í wọ̀ kọjá orúnkún

Ọdún kẹta mi rèé ní Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama níbẹ̀. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, omi tó tóbi jù tí mo sì mọ̀ kí n tó kúrò nílé ni èyí tí wọ́n sé odò Ògùn jọ sí ní Ìkẹ́rẹ́. Ìgbà tí mo wá bá ara mi nílùú tí òkun kò jìnnà sí, n kò lè jókòó sílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mọ́. Mo ti jókòó sí Fidjrossè ní Kútọnù, mo ti dé Ouidah, mo ti sùn ní Grand-Popo. Ibi tí ẹsẹ̀ mi ń gbé mi padà sí jù ni búkà ẹlẹ́ja kan ní etí òkun Ekpè. Kò ní pátákó orúkọ. Ọ̀dọ̀ Màmá ni gbogbo wa ń pè é.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò le. Láti Ouando ní Àjàṣẹ́, mo ń wọ takisí tó ń lọ sí Kútọnù, a ó gun afárá ọ̀sà, a ó kọjá Djèrègbé àti oríta Sèmè, mo á sì ní kí awakọ̀ já mi sílẹ̀ ní Ekpè. Òkun wà lápá òsì. Zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà wọn níbí, ló ń gbé mi dé ìsàlẹ̀, torí iyanrìn ọ̀nà yẹn kì í jẹ́ kí mọ́tò kékeré lọ. Ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà tó mi lọ, ṣẹ́ńjì á sì kù.

Ẹ tètè lọ. Ẹni tó bá dé ní agogo méjìlá á jẹ ẹja, àmọ́ kò ní rí àwọ̀n fífà, èyí tó jẹ́ ìdajì adùn ibẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn apẹja á ti gbé ọkọ̀ lọ tẹ́ àwọ̀n lójú òkun. Okùn gígùn méjì á wá nà dé orí iyanrìn, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, wọ́n jìnnà síra wọn débi pé ẹ kò ní mọ̀ pé àwọ̀n kan náà ni. Èèyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á wà lórí okùn kọ̀ọ̀kan, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọmọdé náà á wà níbẹ̀. Wọ́n á máa kọrin, ẹnì kan á máa lu agogo, ẹsẹ̀ wọn á máa bá a lọ. Bí àwọ̀n ṣe ń wọlé bọ̀ ni ìlà méjèèjì ń rìn sún mọ́ra, títí tí wọ́n á fi pàdé tí ẹja á sì máa fò nínú omi tí kò jìn mọ́. Ó lè gbà ju wákàtí méjì lọ. Bó bá wù yín, ẹ lè dì í mú kẹ́ ẹ bá wọn fà á, wọn kì í lé ẹnikẹ́ni. Mo ti bá wọn fà á rí. Àtẹ́lẹwọ́ mi ṣì ń ta mí nígbà tí mo mú ṣọ́ọ̀kì lọ́jọ́ Ajé, àmọ́ wọ́n bu ṣawá kún ọ̀rá fún mi, inú mi sì dùn bí ẹni gba owó oṣù.

Létí àwọ̀n yẹn ni Màmá ti ń ra ẹja. Á bá wọn ná an ní èdè Gùn, á wá yíjú sí mi, á fi Yorùbá Àjàṣẹ́ bi mí pé, "Tíṣà, èyí ni àbí tọ̀hún?" Mo á ní, "Èyí tó bá wù yín ni, Màmá." Èyí tó bá wù ú kì í ṣìnà. Á la ẹ̀yìn rẹ̀, á fi iyọ̀, aáyù àti atalẹ̀ pa á lára. Kì í lo èédú. Èèpo àgbọn gbígbẹ ló fi ń dáná. Iná èèpo àgbọn kì í jó fòò, ó máa ń rọra ràn ni, èéfín rẹ̀ á wọ inú ẹran ẹja lọ dé eegun. Ẹ̀kọ tí a fi ewé pọ́n, tí wọ́n ń pè ní àkàsà níbí, ló máa ń bá a wá, pẹ̀lú tòmátò, àlùbọ́sà àti ata tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú òróró. Dọ̀rádì tó tó èèyàn méjì jẹ, mo san 4,000 sẹ́fà fún un lóṣù tó kọjá. N kò tíì jẹ ẹja tó dùn tó bẹ́ẹ̀ ní ilé oúnjẹ tó ní aṣọ funfun lórí tábìlì.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹja lọ. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, èmi àti àwọn olùkọ́ mẹ́rin lọ sí etí òkun mìíràn. Ẹni tó ń gbowó níbẹ̀ ní kò séwu, ká wọ omi. Ọ̀kan nínú wa, ọkùnrin tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ lódò láti kékeré, wọ̀ ọ́ dé ìbàdí. Kí á tó wí kí á tó fọ̀, ó ti jìnnà. Ó kọjú sí wa, ó ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn ló ń lọ. Ọmọ apẹja kan ló sáré dé tó ń pariwo pé kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má bá omi jà. Ó gbọ́, ó yà, ìgbì sì gbé e wá sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí wa gan-an. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Màmá ló là á yé mi. Ó ní ìgbì ń kó omi wá sílẹ̀, omi yẹn sì ní láti wá ọ̀nà padà. Ojú ọ̀nà tó ń gbà padà, ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀, omi ibẹ̀ á dákẹ́ bí omi inú àwo. Àlejò á wò ó, á ní ibẹ̀ ló rọrùn. Ibẹ̀ gan-an ni omi ń gbà gbé èèyàn lọ. Ẹni tó bá kó sí i, kó máa lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etí òkun lọ títí yóò fi bọ́ kúrò lójú ọ̀nà yẹn, kó tó kọjú sílẹ̀. Láràárọ̀ ni Màmá ń wo ojú omi, tó ń ri igi tó ní aṣọ pupa mọ́lẹ̀ níwájú ibi tó bá rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í wọ omi kọjá orúnkún lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú mi ló ṣe tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà kan, tí wọ́n ti sanwó ẹja ńlá, ń bá a jiyàn. Ó ka owó wọn padà fún wọn, ó ní kí wọ́n máa lọ. Mo ti rí ọlọ́jà púpọ̀, n kò rí èyí tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Kì í ṣe pé ibẹ̀ kò ní àléébù. Oúnjẹ ń pẹ́: wákàtí kan àbọ̀ kì í ṣe nǹkan níbẹ̀. Mo máa ń gbé ìwé àwọn ọmọ tí mo fẹ́ máàkì lọ, mo á sì fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn kò dára, ìyẹn sì ń dùn mí, torí n kò lè kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, ọ̀rá àti ike á kún etí omi. Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, ìgbì máa ń ga. Lọ́dún tó kọjá, Màmá fa àtíbàbà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn, torí òkun ń jẹ ilẹ̀ ní apá wa. Láti àwọn ọdún 1960 tí wọ́n ti kọ́ èbúté Kútọnù, ògiri òkúta rẹ̀ ń dá iyanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ dúró, ilẹ̀ tó wà ní ìlà-oòrùn èbúté ló sì ń san gbèsè rẹ̀.

Ẹ lè bi mí nípa àwọn ibi yòókù. Ariwo orin Fidjrossè pọ̀ fún mi. Grand-Popo dára gan-an, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Togo. Ẹni tó ní kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kò lè máa lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní Ouidah, mo dúró lábẹ́ Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1995. Àwọn elédè mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gba etí òkun yẹn lọ. Ó yẹ kí gbogbo wa débẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè jẹ ẹja níbẹ̀.

Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání, Màmá kì í ní ṣẹ́ńjì. Mo ti ní kó bá mi fi dọ̀rádì méjì pamọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Ìyá mi ń bọ̀ láti Ìṣẹ́yìn. Wọn kò tíì fojú kan òkun rí.