Kenaf lásán, kenaf sódà àbí kenaf silane: èwo ló yẹ kẹ́ẹ rà fún PLA yín?

Ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ máa po fọ́nrán kenaf (ewéko kan tí wọ́n ń yọ fọ́nrán lára èèpo ẹ̀) mọ́ PLA, pílásítíìkì tí wọ́n ń ti ara àgbàdo àti ìrèké ṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sanwó.

Kenaf lásán lowó ẹ̀ kéré jù, àmọ́ ó fẹ́ràn omi, PLA ò sì fẹ́ràn omi, àwọn méjèèjì ò lè dì mọ́ra dáadáa. Ẹ ṣẹ́ èyí tí wọ́n bá fi ṣe sí méjì kẹ́ẹ wojú ibi tó ti kán, ẹ máa rí fọ́nrán tó yọ síta gbọọrọ, ara ẹ̀ mọ́ tónítóní, pílásítíìkì kankan ò lẹ̀ mọ́ ọn. Ó kàn ń gbàyè lásán ni. Fún ìkòkò òdòdó, ó ṣì tó o.

Ti sódà lèmi fẹ́ràn jù. Kọ́sítíìkì sódà táwọn ọlọ́ṣẹ ń lò náà ni, wọ́n á pò ó mọ́mi, bíi 5%, wọ́n á rẹ kenaf sínú ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, á bó ọ̀rá ara ẹ̀ kúrò, ara ẹ̀ á wá rí ṣákaṣàka bíi kànrìnkàn, PLA á ríbi dì mú. Àmọ́ tí sódà bá ti le jù, fọ́nrán fúnra ẹ̀ ò ní lágbára mọ́. Èyí tó tún burú ni kí wọ́n má ṣàn án dáadáa, torí sódà tó bá ṣẹ́kù lára ẹ̀ máa ba PLA jẹ́ tẹ́ẹ bá ń yọ́ ọ. Ẹ gba sáńpù, ẹ rẹ ẹ́ sómi tó mọ́, ẹ ti pépà pH, èyí tó ń fi hàn bóyá sódà ṣì wà nínú omi, bọ̀ ọ́: tó bá wà nítòsí 7, ó dáa; tó bá ti di 10, ẹ dá a padà fún wọn.

Silane, kẹ́míkà tó ń so fọ́nrán mọ́ pílásítíìkì, wọ́n sha. Apá kan ẹ̀ á dì mọ́ kenaf, apá kejì á dì mọ́ pílásítíìkì, àmọ́ oríṣiríṣi ló wà, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló bá PLA mu, tẹ́ni tó ń tà á ò bá lè dárúkọ èyí tó lò, ẹ máa lọ. Ohun tó máa gbẹ́rù nínú ọ̀rinrin nìkan ni mo lè torí ẹ̀ náwó yẹn.

Acetylation, ìyẹn kí wọ́n fi kẹ́míkà tó bá fínígà tan ṣe kenaf, náà ń dín omi tí kenaf ń mu kù, ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi ń ṣe pákó Accoya. Tẹ́ẹ bá ń gbóòórùn fínígà lára ẹ̀, wọn ò ṣàn án tán. MAPP ní tiẹ̀, kẹ́míkà míì tó ń so fọ́nrán mọ́ pílásítíìkì, ti polypropylene nìyẹn, pílásítíìkì míì tó yàtọ̀ sí PLA, ẹ fò ó.

Èyíkéyìí tẹ́ẹ bá rà, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kẹ́ẹ tó pò ó, torí omi díẹ̀ pẹ̀lú iná máa sọ PLA di ẹlẹgẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ooru ẹ̀rọ kọjá 200 °C, PLA á ti yọ́ kó tó débẹ̀, kenaf ló kù tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í jó.